Kẹ̀kẹ́ eléyín mẹ́ta tí kò lè yí láéláé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó ń ra òòfà fíríìjì bọ̀ láti ìrìn àjò.

Àbúrò ìyàwó mi ló lọ sí Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn òyìnbó steampunk ti máa ń pé jọ. Ẹ mọ̀ wọ́n: àwọn tó ń dé fìlà gàgàrà, tí wọ́n á gbé awò ojú ńlá lé orí fìlà, tí wọn ò sì ní fi wo nǹkan kan. Ayé Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n ń ṣe, àfi bíi pé iná mànàmáná ò dé rí, ooru omi ló ṣì ń ti gbogbo ẹ̀rọ. K. W. Jeter, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló dá orúkọ náà nínú lẹ́tà kan ní 1987, àwàdà ló fi ń ṣe. Àwàdà ọ̀hún ti wá di ọjà.

Òòfà ló rà fún mi. Kẹ̀kẹ́ eléyín mẹ́ta, aláwọ̀ idẹ, wọ́n tò wọ́n bí ààrò mẹ́ta, eyín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọnú ti àwọn méjì yòókù. Mo wò ó títí. Mo ní, "Èyí ò lè yí." Ó ní, "Bùọ̀dá, ọ̀ṣọ́ mà ni. Ibo lẹ fẹ́ kó yí lọ?"

Kò yé e. Tí méjì bá gbá ara wọn mú, bí ọ̀kan bá ń yí sọ́tùn-ún, èkejì á yí sósì. Ẹ wá fi ẹ̀kẹta há wọn láàárín, ta ni kó tẹ̀ lé? Gbogbo wọn á gan pa ni. Mo fi èékánná họ ọ́, ọ̀dà ṣí, ike yọjú. Òòfà kì í kúkú fa idẹ. Òòfà dúdú pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ẹ ó ní kí ló kàn mí. Lókò, ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ni bàbá tó bí bàbá mi ti ṣiṣẹ́. Ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901 yẹn, orí rẹ̀ ni Bàbá ti ń fi ṣọ́bìrì da èédú ilẹ̀ sínú iná, tàlọ tàbọ̀. Apá rẹ̀ ọ̀tún kún fún àpá iná wínníwínní, bí ojú ẹni tí olóde bá jà. Ikọ́ rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Enugu ni wọ́n ti ń wa èédú ọ̀hún. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, ọlọ́pàá ìjọba òyìnbó yìnbọn lu àwọn awakùsà ní Iva Valley níbẹ̀. Èèyàn 21 ló kú. Kí ni wọ́n ń bèèrè? Owó iṣẹ́ wọn.

Ta ló máa fi ìyẹn ṣe òòfà? Idẹ ni àwọn oní-steampunk mú, wọ́n fi èédú sílẹ̀ fún wa. Wọ́n á ní eré lásán ni, pé àwọn kan nínú wọn náà ń sọ̀rọ̀ ìjọba amúnisìn. Ó dáa, mo ti gbọ́.

Mo fẹ́ jù ú nù lóòótọ́. Àmọ́ fọ́tò Bàbá kan wà lára fíríìjì wa, òòfà bíi páálí tí àwọn oní-pízà ń fi polówó kì í gbé e dúró, gbogbo ìgbà ló ń já bọ́. Òòfà burúkú yìí ló gbé e. Alẹ́ àná ni mo wá dúró wò ó dáadáa. Bàbá wà níwájú ẹ̀rọ nínú ṣòkòtò péńpé oníkakí, àkísà ìnudọ̀tí lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi máa ń sọ ọ́ pé tí Bàbá bá ti nu idẹ ọkọ̀ yẹn tán, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Pé lọ́jọ́ tí kò níṣẹ́ pàápàá, á lọ nù ún. Nínú fọ́tò yẹn idẹ náà ń dán gbinrin, Bàbá yọ eyín kalẹ̀ síta, èmi tí mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín rí.