Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń sọ kúìlìtì di páálí

Bí èèyàn bá fọwọ́ kan kúìlìtì, aṣọ ìbora onípele mẹ́ta nì, tó bá a tó le gbagidi, ẹ̀rọ ìránṣọ ni yóò kọ́kọ́ dá lẹ́bi. "Ká ní ọwọ́ ni wọ́n fi rán an ni, ì bá rọ̀." Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàìní ìdí. Òwú ìránṣọ kan ṣoṣo ni ẹni tó ń fọwọ́ rán ń lò. Ẹ̀rọ ń lo méjì, ti òkè àti ti bọ́bìnì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ òwú kékeré tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn láàárín aṣọ. Àmọ́ òwú kejì yẹn kéré sí ohun tó lè sọ aṣọ di páálí. Bí ìlà ṣe sún mọ́ra tó ni kẹ́ ẹ wò.

Ẹ gé aṣọ òkè, tìmùtìmù àárín (ìpele rírọ̀ tó wà láàárín kúìlìtì) àti aṣọ ìsàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú lóròó, ọ̀nà méjì. Ẹ rán ìlà sórí èkíní ní sẹ̀ǹtímítà 1 síra, sórí èkejì ní 6 síra. Ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ sá wọn, kí ẹ wá gbé wọn sí etí tábìlì kí ìdajì yọ síta. Èkejì á wọ́ sílẹ̀. Èkíní á nà gbọnrangandan. Ẹ̀rọ kan náà, òwú kan náà. Bí aṣọ bá ń tẹ̀, ńṣe ni àwọn ìpele rẹ̀ ń yọ́ gba ara wọn kọjá, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìlà tẹ́ ẹ rán ń kàn wọ́n mọ́ra. Ó máa ń rẹ ẹni tó ń fọwọ́ rán, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó rán an kún. Kì í rẹ ẹ̀rọ, la bá ń rán lọ.

Sẹ̀ǹtímítà 6 sí 10 dára fún aṣọ ìbora, bí ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá tìmùtìmù bá gbà á. Ẹ má kọjá ìwọ̀n yẹn, torí tìmùtìmù á ṣù jọ tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ìlà pọ̀ bákan náà káàkiri: bí àárín bá há tí etí sì ṣí sílẹ̀, etí á máa rú bí omi.

Nọ́ńbà òwú tó bá tóbi ni òwú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́: 50 rọ̀ ju 30 lọ. Òwú ọ̀rá tó dà bí okùn ìwọ̀ ẹja, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ lo abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 80/12, kí ojú ìránṣọ kọ̀ọ̀kan gùn tó mìlímítà 2.5 sí 3; ojú 1.5 ń kó òwú púpọ̀ jù sínú ìlà kan. Bí òwú bá sì fún jù, ìlà á fa aṣọ hunjọ.

Àwọn ọ̀daràn míì tí wọn kì í mú: béèdìṣíìtì tí wọ́n hun há gan-an tí wọ́n fi ṣe aṣọ ìsàlẹ̀, tìmùtìmù onípele méjì, àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àwọn àwòrán aṣọ. Gọ́ọ̀mù yẹn kì í kúrò. Sítáṣì ní tirẹ̀ ń bá omi lọ, nítorí náà ẹ má dá kúìlìtì lẹ́jọ́ kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́.

Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, kẹ́ ẹ ṣàn án dáadáa, torí ọṣẹ tó bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ náà ń mú un le. Aṣọ tó gbẹ lórí okùn láìsí afẹ́fẹ́ máa ń ganpa. Ẹ gbọ̀n ọ́n nígbà tó ṣì tutù díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ jù ú sínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ fún ìṣẹ́jú 10 lórí ooru kékeré.