Ta ló ní omi ewé tí kò korò kò lè ṣiṣẹ́?

Ní Àkúrẹ́ níbí, bí ẹ bá gbé omi ewé fún èèyàn mu tí kò fajú ro, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ṣé ewé wà nínú rẹ̀ ṣá?" Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí ewé bá ṣe korò tó ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ lára tó, àti pé ẹni tó bá fi èso sí i ti ba oògùn jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa mu smoothie ewé fi ń lọ ewúro tútù àti ugú pọ̀ mọ́ omi lásán. Á fi ọwọ́ dímú, á dijú, á gbé e mì. Kò ní pẹ́ tí búlẹ́ńdà yóò fi padà sínú páálí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá, n kò sì ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbo ni wọ́n fi tọ́ ọ̀pọ̀ wa. Dóńgóyárò, ewúro, egbò igi tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, gbogbo wọn ló korò, ara sì máa ń yá lẹ́yìn tí a bá mu wọ́n. Nígbà tí a tún bọ́ sọ́wọ́ oògùn òyìnbó, chloroquine ni wọ́n gbé fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ lò ó kò lè gbàgbé: ìkorò rẹ̀ á wà lẹ́nu títí di ìrọ̀lẹ́, ara á sì máa yún yín lóru. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ chloroquine yẹn gan-an já sí. Ní 2005, ìjọba Nàìjíríà yọ ọ́ kúrò nípò oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún ibà, wọ́n fi àwọn oògùn tí èròjà artemisinin wà nínú wọn rọ́pò rẹ̀, nítorí pé kòkòrò ibà ti mọwọ́ rẹ̀, kò pa á mọ́. Ìkorò rẹ̀ kò dín rárá. Agbára rẹ̀ ló dín. Bó bá jẹ́ pé ìkorò ni oògùn, a ò bá ṣì máa gbé chloroquine mì títí dòní.

Ahọ́n wa ní nǹkan bí oríṣi 25 ibi tó ń gba ìkorò mọ̀ sí, iṣẹ́ tí wọ́n sì wà fún jù ni láti kìlọ̀ fún wa pé ohun tó wà lẹ́nu yìí lè jẹ́ májèlé. Àwọn tó ń ṣe gàrí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó korò máa ń ní cyanide nínú ju èyí tí kò korò lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rin ín, tí wọ́n ń fi í sílẹ̀ kó kan, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù kí wọ́n tó yan án. N kò tíì rí ẹni tó ní kí a máa jẹ ẹ́ ní tútù kí agbára rẹ̀ má bàa sọnù.

Ewúro náà ńkọ́? Ewúro kì í ṣe ewé lásán, èmi náà gbà. Ó ní àwọn èròjà kan, bíi vernodalin, tó ń mú un korò, àwọn onímọ̀ sì ti rí àwọn ìnàkí ní Mahale, lórílẹ̀-èdè Tanzania, tí wọ́n ń wá a lọ jẹ nígbà tí aràn bá ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yẹn ni pé àwọn ìnàkí náà kì í jẹ ewé rẹ̀. Wọ́n á já ewé dànù, wọ́n á bó èèpo igi rẹ̀, inú igi náà nìkan ni wọ́n ń rún, wọ́n á mu omi rẹ̀, wọ́n á tu háríhá rẹ̀ dànù. Ewé àti èèpo ni vernodalin pọ̀ sí jù, tó lè ṣe wọ́n níbi. Ẹranko inú igbó mọ̀wọ̀n, àwa ni a ń lọ ẹ̀kúnwọ́ méjì ní tútù!

Kódà nínú ilé ìdáná wa, ta ló ń se ewúro láìfọ̀ ọ́? A ó bu iyọ̀ sí i, a ó fi ọwọ́ rún un, a ó da omi tó ń hó bí ọṣẹ dànù, a ó tún bu òmíràn. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, a ó gbé iyán kalẹ̀, a ó jẹ ọbẹ̀ náà, a ó sì ní ó ṣara lóore. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé nínú ife nìkan ni ìkorò ti di dandan?

Ohun tí a ń torí rẹ̀ mu ewé kì í sábà jẹ́ èyí tó korò nínú rẹ̀. Èròjà irin tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, fólétì, fítámì K, fáíbà, àwọn èròjà tí ara ń sọ di fítámì A: gbogbo wọn ló wà nínú ugú, ugú kò sì korò bí ewúro. Èso tí wọ́n ní ó ń ba oògùn jẹ́ gan-an tún ń ṣèrànwọ́. Fítámì C inú ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ máa ń jẹ́ kí ara rí irin inú ewé gbà dáadáa. Bí ọ̀rá díẹ̀ bá sì wà níbẹ̀, ẹ̀pà tàbí pía tàbí àgbọn, ara á rí èròjà fítámì A yẹn fà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti àtọ̀gbẹ. Wọ́n á ní ohun kíkorò ló ń pa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ìkorò, ahọ́n ló ń gbọ́ ọ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, insulin ló ń bójú tó o. Abẹ́rẹ́ insulin kì í tilẹ̀ gba ẹnu kọjá, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ torí omi ewúro pa oògùn rẹ̀ tì, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kó máa kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò rẹpẹtẹ sínú ife. Kukumba, pía àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ yóò bá a lára mu jù.

Ó yá, báwo la ṣe ń ṣe é kó dùn?

Ewé ni kí ẹ ti kọ́kọ́ mú un. Bí ẹ bá dé Ọjà Ọba, ọ̀mùnú ugú ni kí ẹ ní kí wọ́n fún yín, kì í ṣe èyí tó ti gbó tó ní igi lára. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lè ní, "Ọkọ mi, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ kéré ni?" torí pé ugú àti mọ́ọ̀tì ni wọ́n mọ̀ fún ẹni tí kò lẹ́jẹ̀ lára. Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ san owó yín. Nílé, ẹ já ewé kúrò lára igi rẹ̀, kí ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí pé ní tútù lẹ fẹ́ mu ún. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre, nínú ìkòkò ọbẹ̀ ni mo fẹ́ wọn. Èròjà oxalate, tó lè fa òkúta inú kíndìnrín, pọ̀ nínú wọn, bíbọ̀ ló sì ń dín in kù.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ ugú kan ti tó fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó pọ́n dé ibi tí ara rẹ̀ ní tóótòòtó dúdú, àti gígé ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì tó nípọn. Ẹ lọ ewé àti omi àgbọn fúnra wọn kó kúnná kí èso tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ewé á wá máa há wọn léyín, wọ́n á ní ewé ni kò dára. Bí iná bá wà, ẹ ti gé èso náà sínú fíríìjì láti alẹ́ kó dì, torí pé nǹkan tútù kì í jẹ́ kí òórùn ewé yọ bẹ́ẹ̀. Àtalẹ̀ tó tó èékánná, omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà iyọ̀ tí ìka méjì lè mú. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí iyọ̀ yẹn o. Ó máa ń tẹ ìkorò rì lórí ahọ́n ju ṣúgà lọ.

Ẹ̀yin ará Ìdànrè tí ẹ ní oko kókó, ara funfun tó bo kóró kókó tútù dùn, ó sì kan díẹ̀. Ẹ fi ìyẹn rọ́pò ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ́jọ́ kan kí ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀. Kóró rẹ̀ nìkan ni kí ẹ má lọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà mìíràn sì rèé, ewé kọ́ ló korò. Ẹni tó bá lọ ọsàn tòun ti kóró àti awọ funfun abẹ́ èèpo rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ìkorò wá. Bákan náà ni mílíìkì pẹ̀lú ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù: ohun kan wà nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ń jẹ èròjà inú mílíìkì, bí ẹ bá sì gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á korò. Ẹ mu ún lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ẹ lo omi àgbọn. Kukumba tó bá korò nígbà tí ẹ tọ́ ọ wò, ẹ jù ú nù. Ìkorò tiẹ̀ kì í ṣe oògùn.

Ẹni tó ń lo warfarin nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì kò gbọdọ̀ ṣàdédé máa mu ugú lójoojúmọ́ láìsọ fún dókítà rẹ̀, torí fítámì K máa ń bá oògùn yẹn jà. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu náà, kó kọ́kọ́ béèrè.

Bó bá sì jẹ́ pé ewúro lẹ fẹ́ dandan, ẹ jẹ́ kí ahọ́n mọ ugú lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ná. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ewé ewúro méjì péré, kí ẹ fi iyọ̀ rún un, kí ẹ ṣàn án títí omi rẹ̀ kò fi hó mọ́, kí ẹ wá fi sí ugú àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó yín. Ẹ óò ṣì gbọ́ ọ lẹ́nu, lẹ́yìn adùn.