DNA bakitéríà kò rí wúruwùru

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa olùkọ́ gan-an ń tàn kálẹ̀: pé bakitéríà kò ní núkílíọ́ọ̀sì (àpò tó ń gbé DNA nínú sẹ́ẹ̀lì), torí náà DNA rẹ̀, okùn tó gbé àbùdá rẹ̀, kàn wà níbẹ̀ wúruwùru. Òótọ́ ni pé kò ní núkílíọ́ọ̀sì. Èyí tó kù kì í ṣe òótọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi lẹ́sìn tí mò ń ṣe ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́, ọmọ SS2 kan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó dùn mí, torí ẹnu wa ló ti gbọ́ ọ.

Mo mú páálí ìṣáná àti òwú télọ̀. E. coli, bakitéríà inú ìfun, gùn tó bíi máíkrómítà 2 (máíkrómítà 1000 ló wà nínú mílímítà kan), ṣùgbọ́n bí a bá na DNA rẹ̀, ó lé ní mílímítà 1.5. Bí páálí ìṣáná bá jẹ́ bakitéríà náà, òwú inú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 40! A tú òwú náà dé ìta, a rọ́ ọ sínú páálí. Ó ta kókó, a ò rí orí, a ò rí ìdí. E. coli tó jẹun yó sì lè pín sí méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú, kí kálukú mú òwú tirẹ̀ lọ láìta kókó.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ètò inú rẹ̀? Fọ́málíìn ni, èyí tí wọ́n ń lò ní mọ́ṣúárì. Wọ́n á dà á sí bakitéríà, ibi tí DNA ti fara kanra á lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n á fi ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì) gé e, wọ́n á so àwọn tó lẹ̀ mọ́ra pọ̀, wọ́n á wá ka ẹyọ tó bá ẹyọ wo pààlà. Hi-C lorúkọ rẹ̀. Bí mo bá mọ ẹni tó bá kálukú pààlà ní Òkè-Àró, mo lè ya máàpù àdúgbò náà láì dé ibẹ̀.

Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì MIT, Amẹ́ríkà, ṣe é fún Caulobacter crescentus, bakitéríà inú omi odò. Ibi tí àdàkọ DNA ti ń bẹ̀rẹ̀ wà ní ìkángun kan, ibi tó ń parí sí wà ní ìkejì, apá méjèèjì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì ká jọ ní ìdì ìdì.

Ẹ tún wo Ciprofloxacin, oògùn tó ń pa bakitéríà, tí a ń rà ní kẹ́mísìtì. Ẹ́ńsáìmù tó ń lọ́ òwú yìí kó má bàa ta kókó ni oògùn náà ń há mọ́ ẹnu iṣẹ́. DNA náà á já, bakitéríà á sì kú.