Rìsíìtì Káńsù Kì í Ṣe Ìwé Àṣẹ

Ó ti sú wa! Ẹnìkan á sọ yàrá iwájú ilé di ilé búrẹ́dì, káńsù á gbowó, wọ́n á já rìsíìtì fún un. Kò sẹ́ni tó máa wo ibi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ kọjú sí, títí aṣọ funfun tí aládùúgbò sá sórí okùn á fi dúdú. Lóòótọ́, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi àbójútó ṣọ́ọ̀bù àti ilé búrẹ́dì sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àmọ́ ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìlò ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó bá ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003. Ẹ̀yin agbowó mọ̀, ẹ kàn dákẹ́ ni. Ìgbà tí oníṣòwò bá mọ ààrò tán ni àwọn ti ìpínlẹ̀ á wá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ kí ẹ tó já rìsíìtì!