Bí Àgbà Bá Ṣubú, Ẹ̀yìn Ló Ń Wò

"Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n á ní ọmọdé ń wo iwájú kó lè rí ẹni tí yóò gbé e dìde, àgbà ń wo ẹ̀yìn kó lè rí ohun tó gbé e ṣubú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kì í fi kún un: àgbà náà kò tíì dìde nígbà tó ń wo ẹ̀yìn. Ilẹ̀ ló ṣì wà. Kó tó gbọn eruku aṣọ, kó tó wá ọ̀pá rẹ̀, kó tó pe ọmọ pé kó wá fa òun lọ́wọ́, ó ti yíjú wo òkúta tó kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Bó bá dìde fùú tó ń bá ọ̀nà lọ, òkúta yẹn á dúró dè é di alẹ́ tó bá ń padà bọ̀.

Àwa tí a ti fẹ̀yìntì ni mo ń bá wí, lórí ọ̀rọ̀ ìpinnu ọdún. Bí ọdún bá ti yí, kálukú á mú bírò: lọ́dún yìí màá ṣe báyìí, màá ṣe báyẹn. Iwájú là ń wò bí ọmọdé. Ta ló mú ìwé èṣí jáde?

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ níbí ní Iléṣà, n kò níláti ṣọ́ ara mi. Àwọn ẹlòmíì ń gbowó oṣù lórí pé kí wọ́n ṣọ́ mi. Ọ̀gá ilé ìwé ń yẹ ìwé ètò ìkọ́ni wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, alábẹ̀wò ń já wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀, aago ń lù ká wọlé, aago ń lù ká jáde. Ọdún 2014 ni mo pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, ẹni ọdún 58 ni mí nígbà náà. Òfin tiwa ni ọdún 60 láyé tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. (Àwọn olùkọ́ tó wà lẹ́yìn wa rí òfin àpapọ̀ ti 2022, tó sún un sí 65 àti 40. Ẹ bá mi kí wọn. Inú mi ò bàjẹ́ rárá, àfi díẹ̀.) Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, aago kò lù. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wo ewúrẹ́ aládùúgbò. Oúnjẹ àárọ̀ di oúnjẹ ọ̀sán. Báyẹn ni oṣù mẹ́jọ ṣe lọ.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti là á fún wa: fífi ẹ̀yìn ti nǹkan ni ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó bá fẹ̀yìntì, tí kò sí ògiri tàbí igi lẹ́yìn rẹ̀, ìṣubú ló ń lọ yẹn.

Òṣómàáló ni bàbá mi. Ẹni tí kì í bá ṣe Ìjẹ̀ṣà lè má mọ̀ wọ́n mọ́. Àwọn ni ọmọ Ọ̀wá, ọmọ Ẹkùn, tí wọ́n ń kiri aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá títí dé òkè Ọya, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á sì padà wá gbowó bí ọjọ́ bá pé. Bí onígbèsè bá gbé àga fún wọn, wọn ò ní jókòó. "Òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi." Àwọn kan fi ń bú Ìjẹ̀ṣà. Lójú tèmi, oríkì ni.

Bí Kérésì bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni bàbá mi máa ń wálé. Kò kàwé. Ẹnìkan ní ìlú tó ń gbé ló ń bá a kọ gbèsè sínú ìwé kan tó ti rọ̀ bí aṣọ, tí òórùn aró àti kẹrosíìnì ti wọ̀ lára. Èmi ọmọ ilé ìwé ni mo ń kà á sí i létí lálẹ́, lẹ́bàá àtùpà. Màá ka orúkọ, màá ka iye ọ̀pá aṣọ, màá ka iye tó kù. Bàbá á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á sọ ọ̀kan nínú mẹ́ta. "Ó ti san, fa ìlà sí i." Tàbí: "Ó ṣì wà, gbé e lọ sí ojú ewé tuntun." Tàbí kó mí kanlẹ̀, kó ní: "Èyí ti kú." Kì í ṣe onígbèsè ló kú o, owó ló kú. Ẹni náà ti lè kó kúrò nílùú, tàbí kó jẹ́ pé owó ọkọ̀ tí èèyàn máa fi lọ lóṣòó níwájú rẹ̀ ju gbèsè lọ. Bàbá kì í jẹ́ kí n fa ìlà sí irú ìyẹn. Kí n fi bírò yí i po ni, kí ojú máa rí i. Ìgbà tí a bá kà á tán délẹ̀ ló tó máa ń sọ iye aṣọ tí yóò rà lọ́dún tuntun. N kò gbọ́ kó dárúkọ aṣọ tuntun kí gbèsè tó tán rí, kódà bí oorun bá ti ń kùn mí.

Èmi tí mo ń kà á fún un, ọdún 2015 dé, n kò rántí. Mo mú ìwé olójú ewé ogójì kan tó ṣẹ́kù nínú ẹrù ilé ìwé, mo fi rúlà fa àlà sí ẹ̀gbẹ́ òsì bí olùkọ́ gidi, mo wá kọ nǹkan mẹ́rìnlá. Kí n gbin kòkó. Kí n sin adìyẹ. Kí n mọ kọ̀ǹpútà lò. Kí n máa tọ́jú ara mi. Kí n kọ ìtàn ìdílé wa. Kí n gun omi Olúmirìn, omi tó ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, dé ìpele keje. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyókù sílẹ̀, ojú ń tì mí. Wọ́n ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Mẹ́rìnlá lèmi lé.

Ìyàwó mi ń ta ata gbígbẹ àti èlùbọ́ lọ́jà Àtakúmọ̀sà. Mo ka ìwé náà sí i létí pẹ̀lú ìgbéraga. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin lẹ fẹ̀yìntì, ọjà ò tíì fẹ̀yìntì o. Èwo nínú gbogbo èyí lẹ lè wọ̀n ní kóńgò?" Mo bínú. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. "Kí n máa tọ́jú ara mi": báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ní oṣù Kejìlá bóyá ó pé àbí ó ṣẹ́kù? Bàbá mi kò kọ ọ́ sínú ìwé pé "lágbájá jẹ mí ní nǹkan". Ọ̀pá aṣọ ló kọ, àti iye owó.

Mo wá yí i padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tí kò le jù fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, àwa tí a ti lé ní 65 náà wà níbẹ̀. Mo pín in: kí n rìn láti ilé lọ síhà Ẹrẹ́jà kí n sì padà, ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Mo fi kún un pé kí n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí n sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ṣeé kà ní kóńgò. Nígbà tó di ìparí ọdún tí mo fi ìka tọ nọ́ńbà wọ̀nyí láti òkè wá sísàlẹ̀, mo rí nǹkan kan. Láti oṣù Kìíní dé oṣù Karùn-ún, 132, 130, 134 ló ń jẹ́ lókè. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, ó ti di 148 lókè, 92 nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ 140 lórí 90 ni àwọn dókítà kì í fẹ́ kó dé. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Mo wo àmì ìrìn mi. Òjò. Òjò Iléṣà kì í bẹ èèyàn, bó bá ti ṣú láàárọ̀, mo ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn, ìrìn ọ̀sẹ̀ náà ti bàjẹ́.

Ká ní iwájú ni mo wò, ohun tí mo bá kọ ni: "Lọ́dún yìí, màá múra sí i." Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń kọ, bíi pé ọ̀lẹ ló ń ṣe wá. Òjò ló kọ̀ mí lẹ́sẹ̀ o! Ọ̀rọ̀ òjò kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmúra. Mo tọrọ àyè nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa, ibẹ̀ ni mo ti ń rìn yíká àwọn àga láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹwàá. Àwọn akọrin ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mú ìwé nọ́ńbà lọ fún dókítà pẹ̀lú. Ó ní òun ì bá láyọ̀ bí gbogbo aláìsàn bá ń kọ tiwọn.

Òwe kejì tí n kò lè fi sílẹ̀ nìyí: "Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún èbù, tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, á jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́." Kòkó ló kọ́ mi ní èyí. Mo gbin 150. Níbi ìpàdé àwa olùfẹ̀yìntì, ẹnìkan ní òun gbin 300, ẹnu mi ló bá là, mo ní 200. Mo wá kọ 200 sínú ìwé, nítorí ojú ti ń tì mí láti ní iye méjì. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn pa kòkó bí ẹni fọ́n iyọ̀ sí ìgbín. Mo lọ kà wọ́n lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́: 87 ló wà láàyè. Ìwé ní 113 ló kú, oko ní 63. Èwo ni mo fẹ́ fi ṣètò rírà irúgbìn tuntun? Láti ọjọ́ náà, ìwé ọdún mi kì í jáde ní ìyẹ̀wù. Ẹni tí yóò purọ́ fún ìpàdé lè purọ́, kó má ṣáà kọ irọ́ náà sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Kòkó tún la ojú mi sí ohun mìíràn. Kòkó ń gbà tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Bí mo bá kọ "kí n kórè kòkó" fún ọdún kìíní, mo ti dá ara mi lẹ́bi kí n tó gbẹ́ ihò. Ti ọdún kìíní ni iye tó la ẹ̀ẹ̀rùn já, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo gbìn láàárín wọn fún ìbòòji, tí òun ń so ní nǹkan bí ọdún kan. Kí ọdún jẹ́ tiẹ̀ ní iye tó lè rù.

Ọ̀rọ̀ owó kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní kí wọ́n máa tún owó ìfẹ̀yìntì wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá tún owó oṣù ṣe, èyí tó bá kọ́kọ́ yá. Gààrì kì í dúró de ọdún márùn-ún. Èmi kì í fi náírà kọ ìpinnu oúnjẹ mọ́. Àpò ẹ̀wà kan, ike epo kan, kó wà nílé kí òjò tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Iyekíye tí wọ́n bá jẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n á jẹ́ ẹ. Àwọn owó kan tó yẹ kó dé bá mi lẹ́yìn iṣẹ́ pẹ́ kí wọ́n tó dé, mo sì kọ́ láti má ka ohun tí kò tíì wọlé mọ́ ohun tó wà nílé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ilé-Ifẹ̀, tó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì títí ó fi pé 65, ń bá mi jiyàn. Ó ní òní la rí, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀la. Kí ni arúgbó ń fi ètò ọdún ṣe? Mo ní bàbá mi tà láwìn fún ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọ́n á tún fojú kanra, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. A ò tíì parí ẹjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìwé mi ti wúwo jù kò ní nọ́ńbà kankan nínú. Èmi àti ọkùnrin kan jọ kàwé olùkọ́ni, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ló fẹ̀yìntì sí. Ní 2018 mo kọ ọ́ pé kí n lọ kí i, kí n sùn síbẹ̀ mọ́jú. N kò lọ. Mo gbé e lọ sí ojú ewé tuntun. Ní 2019, n kò lọ, mo tún gbé e. Ní 2020, àrùn Kòrónà fún mi ní àwáwí tó dára, mo gbé e lẹ́ẹ̀kẹta. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, wọ́n pè mí wá síbi ìsìnkú. Láti Iléṣà dé Ìpetu, ọkọ̀ kan péré ni. Nígbà tí mo padà délé, mo ṣí ìwé, n kò fa ìlà sí i. Mo fi bírò yí i po.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi gbé nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta mọ́. Bó bá ti di ẹ̀ẹ̀kejì, kó jẹ́ òun ni màá kọ́kọ́ ṣe ní oṣù Kìíní, kí n tó bọ́ sí oko rárá, tàbí kí n sọ ọ́ síta pé ó ti kú. Kọ̀ǹpútà ti kú. Adìyẹ ti kú, lọ́nà méjèèjì. Ìtàn ìdílé ti dé ojú ewé kọkànlélógún.

Omi Olúmirìn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òkú gbèsè. Ìpele kẹta ni eékún mi ti kọ̀ ní 2016, mo jókòó sórí àpáta, àwọn ọ̀dọ́ ń kọjá lára mi, wọ́n ń ní "Bàbá, ẹ kú ìrìn o." Lálẹ́ àná mo ṣí ìwé sí ojú ewé rẹ̀, mo pa keje rẹ́, mo kọ kejì. Ọmọ-ọmọ mi ní òun á ru omi mímu.