Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàlejò l'Ákùúrẹ́, òkè Ìdànrè àti òkun Ìlàjẹ kò ṣeé lọ lọ́jọ́ kan!

Àwa tí à ń mú àlejò rìn káàkiri ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ kan ti sú wa, a sì fẹ́ sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀. Kì í ṣe àlejò ló ń bí wa nínú. Àlejò ò mọ̀nà, ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló mọ̀. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ̀ ń gbà wọ́n sílé l'Ákùúrẹ́ la ń bá wí. Ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó sí pálọ̀, tí ẹ ó máa ṣètò fún ìdílé tó ti Èkó tàbí ìlú òyìnbó dé pé, "Láàárọ̀ ẹ ó gun òkè Ìdànrè, lọ́sàn-án ẹ ó lọ wo òkun ní Ìlàjẹ, tó bá di alẹ́ iyán ti délẹ̀." Ta ló sọ fún yín pé ó ṣeé ṣe?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní òkun lóòótọ́, àmọ́ Àkúrẹ́ kọ́ ni òkun ọ̀hún wà. Ìdànrè tó nǹkan bíi 20 kìlómítà sí ìgboro. Bí ẹ bá jẹun tán, tí ẹ ya ilé epo, tí ẹ wá kúrò nílé ní aago mẹ́wàá bí ìṣe yín, aago mọ́kànlá ni ẹ máa dé ìdí òkè. Gígùn, kíkiri àti sísọ̀kalẹ̀, tọmọdé tàgbà, wákàtí mẹ́rin ni. Aago mẹ́ta ti lù nìyẹn. Ẹ sinmi, ẹ jẹun, ó di mẹ́rin. Ẹ ṣì máa gba Oǹdó, Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa kí ẹ tó dé Ìgbọ́kọ̀dá, wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, bí tírélà ò bá dínà l'Ọ́rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú. Ìgbọ́kọ̀dá gan-an kì í ṣe etí òkun, èbúté ni. Ó ku bíi wákàtí kan lórí omi kí èèyàn tó fojú rí òkun ní Ayétòrò. Ìjọba ti fòfin de ìrìn òru lójú omi. Awakọ̀ omi tó bá ní òun máa gbé yín ní aago méje alẹ́, ẹ sá fún un.

Ẹ kì í sì í pè wá lásìkò. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni fóònù á dún pé ọ̀la ni wọ́n fẹ́ lọ. "Bọ̀ọ̀dá, èèyàn mélòó ni?" "A ò pọ̀, ẹ ṣáà máa bọ̀." Tí ilẹ̀ bá mọ́, èèyàn mọ́kànlá á máa dúró de ọkọ̀ Sienna kan ṣoṣo. Màmá ẹni àádọ́rin ọdún tí orúnkún ń dùn wà níbẹ̀, ọmọ tó ní ikọ́ fée wà níbẹ̀, ìdí òkè ni wọ́n á ti ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún wa. Bí ẹ bá ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ ni, a ò bá wá ìjókòó àti ibòji fún Màmá nísàlẹ̀, a ò bá fi ẹnì kan tì wọ́n, kí àwọn tó lágbára sì máa gòkè lọ.

Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600. Ibùdó ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó níbẹ̀, kì í ṣe kí ẹ máa lé wọn pé "Ẹ yára, òkun ṣì kù." Àgbàlagbà kan nílò omi lítà kan ààbọ̀, ìyẹn píọ̀ wọ́tà mẹ́ta, ẹ̀yin á gbé ìgò mẹ́rin fún ìdílé odindi. Ó yẹ kéèyàn ti wà lórí àtẹ̀gùn ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀, torí àpáta a máa gba oòrùn sára. Tó bá ti di ọ̀sán, ooru ń bọ̀ lókè, òmíràn ń ti ilẹ̀ wá. Ọmọ tó ń sáré, tó ń pariwo ní ibùdó ìsinmi àkọ́kọ́, á dákẹ́ lójijì tó bá dé ìkẹta. Ojú rẹ̀ á pọ́n, á ní orí ń fọ́ òun, lẹ́yìn náà á bì. Àwa la máa pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀, àwa náà lẹ sì máa bínú sí.

Bàtà ńkọ́? Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, tó sì ní ilà jíjìn, ni èèyàn ń wọ̀. Lásìkò òjò, àpáta yẹn a máa yọ̀ bí ilá, ẹ̀yin á jẹ́ kí àlejò wọ sílípáàsì àti bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wá. Ìsọ̀kalẹ̀ ló sì ń pa orúnkún ju gígùn lọ, nítorí gbogbo ìwúwo ara ló ń já lé ẹsẹ̀ kan. Ẹ di irin mú, ẹ fẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀, ẹ má sáré.

Àtẹ̀gùn yìí nìkan kọ́ ni ìrìn. Òkè lọ́hùn-ún ni ìlú àtijọ́ wà, níbi tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ nínú àwọn ọdún 1920. Ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, títí dé ojú ẹsẹ̀ orí àpáta tí wọ́n ń pè ní ipasẹ̀ Agbóògùn, tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá mu. Láti 2007 ló ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí UNESCO ń gbé yẹ̀ wò fún ogún àgbáyé. Irú ibi báyìí lẹ ń fẹ́ ká fi ogún ìṣẹ́jú múni yí ká, kí ilẹ̀ tó ṣú lójú òkun! Ó dùn wá gan-an.

Ó kan omi. Ẹ ń béèrè pé kí ló dé tí ọkọ̀ omi fi wọ́n. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 40 (40 HP), tó bá ń sáré, a máa mu bẹntiróòlù tó lítà 15 ní wákàtí kan. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 30. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ á tún gbé 15 mìíràn pamọ́, torí ewéko tó ń léfòó lè dínà kó sì mú un yípo. Ewéko yìí kan náà máa ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kó gbé e sókè, kó fọ̀bẹ gé e kúrò. Tó bá fipá wà á, ihò tó ń fa omi tútù á dí, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á kú. Tí ọkọ̀ bá dúró báyìí, kí gbogbo èèyàn jókòó pẹ̀sẹ̀. Dídìde láti yọjú wò ó ló ń dojú ọkọ̀ dé.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì àgbà kò dáàbò bo ọmọdé. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ, ẹ di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú, ẹ gbé e sókè: tó bá ti gòkè dé etí ọmọ, ọmọ á yọ́ jáde nínú rẹ̀ tó bá já sómi. Ti ọmọdé kì í pọ̀ ní èbúté. Ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè ọjọ́ orí àwọn ọmọ ṣáájú, tí ẹ máa ń ní a ń yọ yín lẹ́nu.

Èyí tó ń dùn wá jù lọ ni ohun tí ẹ ń sọ fún àlejò nípa Ayétòrò, pé bíìṣì ni. Ìlú ni! 1947 ni àwọn Aládùúrà tẹ̀ ẹ́ dó, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń pín èrè. Ó ti pẹ́ tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ ilé ti wọ omi lọ. Ẹ wá kó àlejò lọ láìsọ ìkankan fún wọn. Wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri tí ìgbì ti là sí méjì, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí fóònù, obìnrin tó ni ògiri á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á káwọ́ gbera, á máa wò wọ́n. Ojú wa ló ń tì, torí àwa la mú wọn wá. Ìgbì tó wó ògiri yẹn náà lẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún méje lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Ẹ lọ kí àwọn àgbà ìlú kí ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Ẹ ra ẹja lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Àlejò san owó, ẹ mú ìdajì, ẹ ní ká má sọ. Tí òkun ò bá ṣeé rí nítorí pé ilẹ̀ ṣú, ẹ tún yọ nínú ìdajì tiwa. Ìyẹn ti parí. Ojú àlejò gan-an la ó ti máa sọ iye.

Ọjọ́ kan fún Ìdànrè. Ọjọ́ méjì fún Ìlàjẹ: ẹ sùn sí Òkìtìpupa tàbí Ìgbọ́kọ̀dá, ẹ wọ ọkọ̀ omi ní aago méje àárọ̀, kí ẹ ti padà sí èbúté kó tó di aago mẹ́rin. Ẹ pè wá ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ sọ iye èèyàn, ọjọ́ orí àwọn ọmọ, àti ẹni tí ara rẹ̀ ò le. Ẹni tó bá jẹ́ ká dúró dè é títí di aago mẹ́wàá, ibi tí agbára oòrùn bá gbà wá dé lórí òkè la máa dé, iye tí a jọ sọ kò sì ní í dín.