Adrenaline Kò Gbọdọ̀ Ṣọ̀wọ́n Ní Ilé Ìwòsàn Alábọ́ọ́dé

Adrenaline ni abẹ́rẹ́ tó ń ṣí ọ̀fun tó bá ń dí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara tó sú ló nílò rẹ̀. Ara á kàn sú lójijì, á wú, á máa yúnni bí ẹni pé wèrèpè bù ú. Kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti pa rẹ́, á tún yọ níbòmíràn. Bí èyí bá ń lọ tó ń bọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, àwọn dókítà á ní ó ti di onígbà pípẹ́. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn tó ń ṣe ni pé lọ́jọ́ kan, ọ̀fun àwọn á dí pa.

Ó ṣọ̀wọ́n kó rí bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣe oúnjẹ ló fà á. Ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló ń bá ara jà. Ẹni tó ti torí ẹ̀ pa edé, ẹyin àti ẹ̀pà tì, tí ara rẹ̀ ṣì ń sú, ń fi ebi pa ara rẹ̀ lásán ni. Kó lọ rí dókítà. Nínú àwọn oògùn ara yíyún, cetirizine tàbí loratadine kì í kunni lóorun tó Piriton.

Irú ara sísú tó ń pani yàtọ̀. Ẹnìkan gba abẹ́rẹ́ penicillin, kò pẹ́, ara rẹ̀ sú, ètè wú, ohùn há, kò lè mí dáadáa, òòyì ń kọ́ ọ. Níbi púpọ̀, Piriton àti hydrocortisone ni wọ́n á kọ́kọ́ fà yọ. Ìyẹn lè dẹwọ́ ara yíyún, ṣùgbọ́n kò lè ṣí ọ̀fun tó ń dí. Adrenaline ló ń ṣe é: ìgò kékeré onímílílítà 1, ìdajì rẹ̀ fún àgbàlagbà, sínú iṣan itan. Ẹ má sì jẹ́ kí aláìsàn náà dìde rìn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí tipẹ́, kì í sì í ṣe oògùn olówó gọbọi. Ohun tí à ń bèèrè ni pé kó wà lórí àwo abẹ́rẹ́ ní gbogbo alábọ́ọ́dé, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí mètírọ́ọ̀nù ti mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sílé. Àwọn oníkẹ́míìsì tó ń fúnni lábẹ́rẹ́ láìgbàṣẹ ńkọ́? Kí ìjọba dá wọn dúró. Kọmíṣọ́nà ìlera tó bá sì rò pé à ń sọ àsọdùn, kó yà sí alábọ́ọ́dé kan lálẹ́ Sátidé, kó ní kí wọ́n gbé adrenaline wọn jáde, kó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò náà.